Orí Keje: Ta Ni Ọwọ́ Ń Tó Nígbà Tí Ìlú Bá Dàrú?

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kẹ́rù rẹ̀ kúrò. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ni gbèdéke. Aliens Compliance Order ni orúkọ tí ìjọba fún àṣẹ náà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, ìgbà tí wọ́n lé wa ní Gánà ni àwọn àgbà ń pè é, ẹni tó bá sì dàgbà tó mọ ọdún tí wọ́n ń sọ.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú orí yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn baba wa sọ pé bí erin méjì bá ń jà, koríko ilẹ̀ ló ń fara gbá a. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gba òwe yìí bí ẹni gba òfin: bí ìlú bá dàrú, alágbára a yè, mẹ̀kúnnù a jìyà, ó parí. Mo fẹ́ kí a gbé òwe náà lọ sí ibi kan pàtó ní ọdún kan pàtó, kí a wò ó bóyá yóò dúró. Ibi náà ni Sakasaka, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò Tamale ní àríwá Gánà. Ọdún náà ni 1969.

Ọ̀sẹ̀ méjì ní Tamale

Ọdún 1907 ni àwọn òyìnbó gbé olú ibùdó ìjọba wọn fún gbogbo àríwá kúrò ní Gambaga wá sí Tamale. Wọn kò fa ọ̀nà reluwé débẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba títì Kumasi wá sókè ló sọ ọ́ di ọjà, inú ọjà yìí sì ni àwọn Yorùbá ti rí àyè wọ̀. Ẹni kan a dé, a ná ọjà títí yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀, a ránṣẹ́ sí àbúrò, àbúrò a dé pẹ̀lú ìyàwó, ìyàwó náà a bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀. Aṣọ, wọ́rọ́bọ, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní 1960, nǹkan bí 100,000 Yorùbá ni wọ́n kà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjà Tamale, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo obìnrin kan ní Sakasaka lọ́sẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó tó gbé ayé. Àpẹẹrẹ ni a fi í ṣe, kí ìṣirò wa má baà jẹ́ ti inú afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Rábì. Ọmọ Ìgbòho ni. Ó ti lo ogún ọdún ní Tamale, ibẹ̀ ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí, àwọn ọmọ náà sì ń fi èdè Dagbani ṣeré níta kí wọ́n tó wọlé wá fi Yorùbá kí i. Aṣọ ló ń tà. Ó ń gba ọjà láwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó, òun náà sì ń fún àwọn obìnrin kéékèèké láwìn, àwọn tó ń gbé aṣọ lọ sí ọjà Savelugu, Tolon àti Yendi. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, olówó ni. Ìsọ̀ rẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí àpótí rẹ̀, owó inú rẹ̀ kò pọ̀. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn.

Ẹ dúró níbí dáadáa, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ mẹ́fà-mẹ́fà ni ọjà Dagbon, ilẹ̀ ọba tí Tamale wà nínú rẹ̀, máa ń ná. Bí ìjọba bá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọjà méjì ló fún Ìyá Rábì láti fi gba gbèsè ogún ọdún, bí oríire bá sì ṣe é, ó lè jẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè náà lè ka ọjọ́. Kò ní láti bá a jà, kò ní láti sọ pé òun kò ní san. Gbólóhùn kan ti tó: “Ìyá, ẹ ṣe sùúrù, ó di ọjà tó ń bọ̀.” Lẹ́yìn ọjọ́ 2 oṣù kejìlá, kò sí ọjà tó ń bọ̀ mọ́.

Owó tó bá tilẹ̀ rí gbà pàápàá, ìdààmú ni. Ìjọba kò gbà kí a máa gbé owó sídì kọjá ibodè bí ẹni gbé omi. Nítorí náà ó ní láti fi owó ra ohun tó ṣeé gbé. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Gbogbo wọn ń ta àga, ibùsùn, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ilé. Gbogbo wọn sì ń wá àyè nínú ọkọ̀ tó ń gba Tógò àti Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, lọ sí Nàìjíríà. Ní ọjà tí gbogbo ènìyàn ti ń tà tí wọ́n sì ń kánjú, ẹni tó ń rà ló ń dá iye lé ọjà. Ní ọjà tí gbogbo ènìyàn ti ń wá ọkọ̀, awakọ̀ ló ń dá owó lé ìjókòó. Ìyá Rábì pàdánù ní ìhà méjèèjì, láìsí ẹni tó fi ọwọ́ kan án.

Nísinsìnyí, ẹ fi aládùúgbò rẹ̀ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin yìí kò tó o lówó. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ lásán ló ń tà, kì í sì í ta á láwìn. Ṣùgbọ́n lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí Ìyá Rábì ń kọ́ yàrá kún yàrá ní Tamale, òun ń fi owó ránṣẹ́ sílé díẹ̀díẹ̀, ó sì ti fi páànù bo ilé yàrá mẹ́ta ní Ìgbòho. Lóṣù kìíní 1970, ta ni olówó nínú àwọn méjèèjì? Ẹni tó kéré ló sàn jù. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí ọrọ̀ wọn wà, bóyá ó ṣeé gbé, àti bóyá ẹlòmíràn ló mú un lọ́wọ́.

Àwọn tí àṣẹ náà kò kàn

Ó yẹ kí a ṣòótọ́ nípa ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà fi yọ̀ sí àṣẹ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah ní 1966, gbèsè ló ń da orílẹ̀-èdè náà láàmú, iṣẹ́ kò sì sí fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí kò ríṣẹ́, tó bá lọ sọ́jà tó rí i pé àjèjì ló jókòó nínú ìsọ̀ tó dára jù, kò ní ṣòro fún un láti gbà pé àjèjì náà ló jókòó lé oúnjẹ òun. Ìbínú náà kì í ṣe irọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ibi tí ìbínú náà balẹ̀ sí.

Lẹ́yìn àṣẹ 1969, Gánà ṣe òfin mìíràn ní 1970 tó fi òwò kéékèèké lé ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan lọ́wọ́. Òwò kéékèèké ni òfin náà sọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá bíi UAC, tí ọjà wọn ń kọjá lọ́wọ́ Ìyá Rábì kó tó dé Savelugu, kò kẹ́rù kúrò ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àjèjì làwọn náà, àjèjì tó sì jèrè jù. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí olú rẹ̀ wà ní London, mẹ̀kúnnù Tamale kò rí ojú rẹ̀ rí. Ojú Ìyá Rábì ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Òun ló ń ka owó lójú wọn, òun ló ń bi wọ́n léèrè gbèsè.

Láti ibi yìí ni mo ti fẹ́ tún òwe wa sọ. Lójú tèmi, ìdàrúdàpọ̀ kì í wo ẹni tó lágbára jù tàbí ẹni tó kéré jù. Ẹni tí ọwọ́ lè tó ló ń mú. Agbára tó bá súnmọ́ tòsí, tó ní ojú, tó ní ilé tí a mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ jó. Agbára tó jìnnà a máa gbọ́ ìròyìn.

Ọba kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ààfin kan ní Yendi

Kí ẹ má baà rò pé àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo gbójú lé, ẹ jẹ́ ká dúró nínú ọdún 1969 yìí kan náà, ká lọ sí ìlú tí ọ̀pọ̀ ará Tamale ń padà sí.

Ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ogun Biafra ń lọ lọ́wọ́, owó orí sì ti wúwo ju èyí tí àgbẹ̀ lè gbé lọ. Àwọn àgbẹ̀ kọ̀, wọ́n sọ ara wọn ní Àgbẹ̀kọ̀yà, Tafa Adéoyè sì wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Ní oṣù keje 1969, ìbínú owó orí bú gbàmù ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì pa Ṣọ̀ún, Ọba Olájídé Ọláyọ̀dé. Ọba aládé ni, baba ìlú. Agbára rẹ̀ kò gbà á. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ ya wọ túbú Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n sì dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀.

Ta ni ó gbé owó orí náà kalẹ̀? Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ gómìnà ológun, Adéyínká Adébáyọ̀. Gómìnà náà wà lórí àlééfà títí di 1971, ó sì gbé ayé di 2017. Ọba tó wà láàárín ìlú, tí ìjọba ń lò bí ojú rẹ̀ níwájú àgbẹ̀, òun ni ọwọ́ tó. Mi ò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tàbí láti dá a láre. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé koríko náà a máa pa erin, àmọ́ erin tó súnmọ́ ọn ni.

Ẹ wo ìyà tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń ti Tamale bọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Oko lé e ní oṣù kọkànlá. Nílé, wọ́n ti sin ọba ní oṣù keje, ogun kò sì tíì parí.

Àríwá Gánà pàápàá kò dákẹ́ lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 1969, ní Yendi, ìlú ọba Dagbon, àwọn agbófinró ìjọba yìnbọn sí àwọn ènìyàn ní ààfin Gbewaa lórí ìjà oyè ọba náà, Yaa-Naa, ó sì lé ní ogún ènìyàn tó kú. Ìdílé méjì, Abudu àti Andani, ló ń du oyè náà. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà kọ́ ni wọ́n fẹ́ jọba. Níbi yìí, òwe àwọn baba wa dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n ìjà náà kò parí. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, nínú ààfin kan náà, wọ́n pa Yaa-Naa Yakubu Andani II fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Yendi àti Tamale, àwọn ará Sakasaka tí kò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ oyè sì ti ilẹ̀kùn wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọdún 2019 ni wọ́n tó rí Yaa-Naa mìíràn tí àwọn ìdílé méjèèjì gbà fún, Abukari Mahama II.

Àwọn tó pàṣẹ

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ka ìtàn wa dáadáa yóò ti fẹ́ takò mí. Yóò ní: “Ẹ̀yin olùkọ́, Baṣọ̀run Gáà ńkọ́? Kurunmi Ìjàyè ńkọ́?” Òótọ́ ni. Gáà tó ń fi ọba jẹ tó ń fi ọba pa ní Ọ̀yọ́, wọ́n pa á ní 1774. Kurunmi kú nínú ogun tó fúnra rẹ̀ kò fẹ́ yẹ̀ fún, Ìjàyè sì tú ní 1862. Àwọn alágbára ń kú, wọ́n sì ń kú ikú ẹ̀sín. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó pàṣẹ 1969 gan-an.

Nígbà tí àṣẹ náà jáde, Busia ni olórí ìjọba, Akwasi Afrifa sì ni alága ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó dúró gẹ́gẹ́ bí olórí orílẹ̀-èdè. Kò ju ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ lọ, ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1972, Ọ̀gágun Ignatius Acheampong gba ìjọba. London ni Busia wà lọ́jọ́ náà fún ìtọ́jú ara. Kò padà sí Gánà mọ́. Ó di olùkọ́ ní Oxford, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1978. Nkrumah pàápàá, tí wọ́n lé ní 1966 nígbà tó wà lójú ọ̀nà Asia, Guinea gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, Sékou Touré, ààrẹ ibẹ̀, sì fi í jẹ alájọṣàkóso. Lílé ni wọ́n lé àwọn méjèèjì, bí wọ́n ṣe lé Ìyá Rábì. Ẹ wo bí ìlé ṣe yàtọ̀ sí ìlé. Ọ̀kan rí ààfin, ọ̀kan rí iṣẹ́ olùkọ́, Ìyá Rábì rí ìjókòó lórí ẹrù nínú ọkọ̀.

Ti Afrifa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà nílé, ní Gánà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun kéékèèké dìtẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1979 tí wọ́n sì fi Jerry Rawlings ṣe olórí, wọ́n yìnbọn pa Acheampong ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Ní ọjọ́ 26, wọ́n pa Afrifa àti àwọn ọ̀gágun mìíràn. Ọwọ́ tó wọn, nítorí inú bárékè tí wọ́n ti jáde wá ni ìbọn náà ti wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìbínú kan náà bá àwọn obìnrin ọjà: àwọn ológun wó ọjà Makola ní Accra ní ọjọ́ 18, wọ́n ní àwọn obìnrin náà ló ń kó ọjà pamọ́ tí wọ́n sì ń gbówó lé e. Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ojú àjèjì ni wọ́n rí nínú ìsọ̀. Nísinsìnyí tí àjèjì ti lọ, ìsọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọjà ṣì wọ́n, ìyá ọlọ́jà tó jẹ́ ọmọ Gánà ni ọwọ́ sì tó. Mi ò lè kọ gbólóhùn yìí kí inú mi má bàjẹ́.

Nígbà tó kan Nàìjíríà

Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Àwọn ọmọ Gánà tó kàn tó mílíọ̀nù kan: olùkọ́, bíríkìlà, aránṣọ, ọmọ iṣẹ́. Owó epo tó pọ̀ ló pè wọ́n wá, owó epo ti já, ìdìbò sì ń bọ̀ ní ọdún náà. Àdéhùn ECOWAS tó ní kí ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa rìn fàlàlà ti wà láti 1979, kò gbà wọ́n. Rawlings ti ti ibodè Gánà pẹ̀lú Tógò láti 1982, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn há sójú ọ̀nà kí ó tó ṣí i. Nílé tí wọ́n dé, ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ ti jẹ oko. Àwọn ará Gánà ń pe egungun ọrùn tó yọ lára wọn ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings. Àpò onílà tí wọ́n fi kẹ́rù ni à ń pè ní Ghana-Must-Go títí dòní. Mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ má máa pe orúkọ yìí bí ẹni pe àpò lásán.

Shagari wọlé ìdìbò náà, àwọn ológun sì lé e ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún kan náà. Mínísítà rẹ̀ kan, Umaru Dikko, sá lọ sí London. Ní oṣù keje 1984 ni wọ́n bá a nínú àpótí ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú Stansted, tí àwọn tó jí i gbé fẹ́ fi gbé e padà sílé. Ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì tú u sílẹ̀, ó sì gbé ayé di 2014. Ẹ rí i bí ó ṣe gba ọkọ̀ òfuurufú, àpótí àti ètò orílẹ̀-èdè kan kí ọwọ́ tó lè fẹ́ tó ẹni tó jìnnà, tí kò sì tó o. Fún Ìyá Rábì, ọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ti tó.

Ṣé ìyà nìkan ni mẹ̀kúnnù ń rí?

Rárá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, ẹ padà sí ti Àgbẹ̀kọ̀yà. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbà láti sọ owó orí àgbẹ̀ di pọ́n-ùn méjì. Ẹni tó bá fẹ́ ka iye ẹni tó kú, kí ó kà á. Ẹni tó bá fẹ́ ka pọ́n-ùn méjì náà, kí ó má fò ó. Mẹ̀kúnnù ló jà, mẹ̀kúnnù ló kú jù, mẹ̀kúnnù ló sì rí nǹkan gbà.

Ohun mìíràn tún wà tí owó kò lè ṣírò. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń jọ́sìn. Lẹ́yìn oṣù kejìlá 1969, ọ̀pọ̀ ilé ìsìn náà ṣófo, àwọn kan sì tì pa. Àwọn ọmọ Gánà tó kù ló gbé ìjọ náà dìde ní èdè tiwọn. Àwọn tó padà sí Ìgbòho àti Ṣakí kó nǹkan bọ̀ náà: ìmọ̀ òwò, àti àwọn ọmọ tí wọ́n gbọ́ èdè mẹ́ta. Àwọn ọmọ wọ̀nyí dé ilé tí wọn kò rí rí, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ń pè wọ́n ní ará Gánà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ìyá Rábì àti aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́: fi ẹ̀rí inú orí yìí ṣàlàyé ìdí tí ẹni tó lówó jù fi pàdánù jù. Ìmọ̀ràn wo ni ìwọ ì bá fún Ìyá Rábì ní ọdún 1965, láìmọ ohun tí ọdún 1969 ń gbé bọ̀?

2. Òǹkọ̀wé sọ pé ẹni tí ọwọ́ lè tó ni ìdàrúdàpọ̀ ń mú. Wá àpẹẹrẹ kan nínú ìtàn ìlú rẹ tó takò ó. Ti Kurunmi ńkọ́: ọ̀tá tó jìnnà ló gbógun tì í tàbí èyí tó súnmọ́ tòsí?

3. Kí ni 1969 àti 1983 fi jọra? Kí ni wọ́n fi yàtọ̀? Má gbàgbé ibodè.

4. Bi àgbàlagbà kan nínú agbo ilé yín tó mọ Gánà, tàbí tí òbí rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ní ohun méjì péré: kí ni wọ́n kó bọ̀, kí ni wọ́n fi sílẹ̀? Kọ ìdáhùn rẹ̀ ní èdè tó fi sọ ọ́, láìtún un ṣe. Bí kò bá fẹ́ sọ, má fi agbára mú un. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fẹ́ sọ, kí o sì kọ ọjọ́ tí o bi í.